“Error in Sound Input” kò fẹ́ kúrò nínú WSJT-X: IC-7300 lórí Windows 11

Mita40 béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará orí afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Rédíò náà ni Icom IC-7300. Okùn USB kan ṣoṣo ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Windows 11. FT8 (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń bá rédíò ṣe) ni mò ń ṣe pẹ̀lú WSJT-X, app tó ń túmọ̀ rẹ̀, lórí mítà 40, ìyẹn 7.074 MHz. Eríàlì jẹ́ wáyà end-fed tó gùn tó mítà 20, transformer 49:1 wà ní ìdí rẹ̀, coax (okùn eríàlì) sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá rédíò.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Èkíní: bí mo bá ṣí WSJT-X, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó máa gbé “Error in Sound Input” jáde, ó sì máa kọ sábẹ́ rẹ̀ pé “An error opening the audio input device has occurred.” Ọ̀pá ìwọ̀n ohùn tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì á dúró sí 0 dB, waterfall (àwòrán ohùn tó ń ṣàn wálẹ̀) kò ní ní àmì kankan. CAT (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá rédíò sọ̀rọ̀) ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀: bí mo bá yí ìkanni lórí rédíò, nọ́ńbà inú WSJT-X ń tẹ̀lé e.

Èkejì: ọjọ́ tí ohùn bá ráyè wọlé, bí mo bá ti fi 60 W ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á dún bí ìgbà tí ènìyàn fa USB yọ, ohùn á sì lọ. Àfi kí n yọ okùn kí n tún un kì bọ̀ ọ́. Nígbà míì, orúkọ tó máa gbé padà wá ni “2- USB Audio CODEC”.

Mo ti yọ dráífà lẹ́ẹ̀mẹta tí mo sì dá a padà, mo ti pa kọ̀ǹpútà tan, mo ti pààrọ̀ okùn. Ó kù díẹ̀ kí n gba dráífà mìíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Àpótí_Ohùn dáhùn:

Ẹ fi dráífà sílẹ̀ ná. Ẹ má sì gba èyíkéyìí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá jù lọ àwọn tó ń pe ara wọn ní driver updater.

Nǹkan méjì ló wà lẹ́yìn ihò USB IC-7300. Ọ̀kan ni CP210x ti Silicon Labs, òun ló ń di COM port tí CAT ń gbà kọjá. Èyí ló nílò dráífà tí Icom gbé sórí ìkànnì wọn, ó sì yẹ kí ẹ ti fi sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ki okùn bọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ìkejì ni ẹ̀rọ ohùn tí Windows ń pè ní USB Audio CODEC. Ti ohùn yìí kò ní dráífà Icom kankan. usbaudio.sys tó bá Windows wá ló ń darí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń darí agbọ́hùn USB tí ẹ bá rà lọ́jà. Bí CAT bá ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé okùn ń gbé nǹkan kọjá. Bí ẹ bá sì ń yọ okùn tí ẹ ń kì í bọ ihò mìíràn, orúkọ tí kò ní ẹ̀rọ nídìí mọ́ ló ń kó jọ sínú kọ̀ǹpútà yín. Mo máa dé orí ìyẹn.

“Error opening” kò sọ pé dráífà bàjẹ́. Ohun tó ń wí ni pé WSJT-X kan ilẹ̀kùn, wọn kò ṣí i fún un. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ló yẹ ká wá.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ pa WSJT-X. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mmsys.cpl, ẹ lọ sí Recording. Ẹ tan rédíò sí ìkanni tó ń hó, kí ẹ wo ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ USB Audio CODEC. Bí àwọ̀ ewé bá ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ohùn ti kúrò nínú rédíò ó sì ti dé inú Windows. Àárín Windows sí WSJT-X ni wàhálà wà. Bí kò bá mira rárá, inú rédíò ni kí ẹ yẹ̀ wò: MENU, SET, Connectors. ACC/USB Output Select gbọ́dọ̀ wà ní AF, ACC/USB AF Output Level ní 50%, ACC/USB AF SQL ní OFF. Bọ́tìnnì tí ẹ fi ń gbé ohùn sókè lójú rédíò kò kan ohùn USB, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ máa yí i kiri.

Bí ọ̀pá bá ń mira tí WSJT-X kò sì gbọ́, ìyọ̀ǹda ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Lójú Windows, ohunkóhun tó bá ń gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà, gbohùngbohùn ni. Láti ìgbà Windows 10 ẹ̀yà 1803, lọ́dún 2018, ẹni tó bá ti ìyọ̀ǹda gbohùngbohùn pa ti ti rédíò rẹ̀ mọ́ ìta pẹ̀lú. Ẹ lọ sí Settings, Privacy & security, Microphone. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni kí ẹ tàn: Microphone access, Let apps access your microphone, àti Let desktop apps access your microphone. Ìkẹta yìí ni ojú ènìyàn máa ń fò, nítorí abẹ́ orúkọ àwọn app tó tò lọ rẹrẹ ló wà, ẹ ní láti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí pátápátá. Ẹ má wá WSJT-X láàárín àwọn orúkọ òkè wọ̀nyẹn. Desktop app ni, abẹ́ bọ́tìnnì ìkẹta yìí ló wà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ohùn USB báyìí kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiwọn, nítorí náà ihò tí ẹ kì wọ́n bọ̀ ni Windows fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ gbé okùn kúrò ní ihò òsì lọ sí ọ̀tún, Windows á ní ẹ̀rọ tuntun dé, á fi “2-” síwájú orúkọ. WSJT-X ní tiẹ̀, orúkọ tí ẹ yàn lánàá ló ṣì ń wá, kò sì ní rí i. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ tẹ View, Show hidden devices. Ẹ ṣí Audio inputs and outputs àti Sound, video and game controllers. Gbogbo USB Audio CODEC tó bá ṣíji, tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ bí ti àwọn yòókù, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún eku tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Uninstall device. Èyí tó mọ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ihò USB kan tí ẹ kò ní kúrò nídìí rẹ̀ mọ́, kí ẹ lẹ bébà mọ́ ọn. Ẹ padà sí mmsys.cpl, ẹ ṣí Properties ẹ̀rọ náà, kí ẹ pa orúkọ rẹ̀ dà lójú General: “IC7300 GBA” ní Recording, “IC7300 FIRANSE” ní Playback. Ẹ má fi àmì ohùn sí i. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ kò ní ṣèèṣì yan agbọ́hùn kọ̀ǹpútà dípò rédíò.

Lójú Advanced, ẹ yan 16 bit, 48000 Hz, fún gbígbà àti fún fífiránṣẹ́. 48000 ni WSJT-X ń béèrè. Bí Windows bá wà ní 44100, yóò máa pààrọ̀ nọ́ńbà náà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ míì á gbà, òmíràn á sọ fún yín pé “Requested input audio format is not supported on device.” Ẹ pa gbogbo Audio enhancements, ẹ sì yọ máàkì tó wà níwájú Allow applications to take exclusive control of this device, kí app mìíràn má bàa gbé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Nínú WSJT-X: File, Settings, Audio. Ẹ tún orúkọ tuntun méjèèjì yàn, ẹ fi sí Mono, ẹ tẹ OK, ẹ pa á, kí ẹ tún un ṣí.

Ti pé USB ń já, ẹ lọ sí Power Options, USB selective suspend setting, kí ẹ fi sí Disabled. Nínú Device Manager, lórí USB Root Hub kọ̀ọ̀kan, Power Management, ẹ yọ máàkì Allow the computer to turn off this device to save power.

WáyàGígùn dáhùn:

Gbogbo ohun tí Àpótí_Ohùn sọ nípa ìṣòro kìíní ni mo gbà. Ti ìkejì ni mo ní àtakò sí. Selective suspend máa ń pa ẹ̀rọ tó jókòó láìṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ohùn tí WSJT-X ń ka ohùn nínú rẹ̀ láìdúró kò jókòó lásán. Ẹ pa á o, kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń já USB lásìkò tí ẹ bá ń ránṣẹ́ nìkan. RF ni mo fura sí: agbára tó yẹ kó jáde lójú wáyà ń gba ẹ̀yìn coax padà wọlé, ó ń gun okùn USB.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó ná owó. Ẹ yọ eríàlì, ẹ fi dummy load 50 ohm (ohun tó ń gba agbára dípò eríàlì) tó lè gba 100 W síbẹ̀, kí ẹ fi 100 W ránṣẹ́ fún ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí dummy load náà lágbára, nítorí FT8 kì í sinmi: ìṣẹ́jú-àáyá 12.64 nínú 15 ló fi ń ránṣẹ́. Bí USB kò bá já lórí dummy load, tó sì já lórí eríàlì, kódà pẹ̀lú 20 W, ẹ̀sùn ti kúrò lórí Windows. Bí ó bá já lórí dummy load pẹ̀lú, ẹ wo iná.

Iná yẹn, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé gbọ́ ọ dáadáa. IC-7300 ń gba tó 21 A nígbà tó bá ń ránṣẹ́ tagbáratagbára, 13.8 V ni wọ́n sì ṣe é fún, pẹ̀lú ààyè 15% sókè àti sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tó 11.8 V. Bátìrì ìnfátà tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, tó wà ní 12.2 V, tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fà dé ìdí rédíò, á gba abẹ́ nọ́ńbà yẹn kọjá bí ẹ bá ti tẹ Enable Tx. Ẹ fi mítà wọn iná lẹ́yìn rédíò gan-an, kì í ṣe lórí bátìrì, lásìkò tí rédíò bá ń ránṣẹ́. Bí ojú rédíò bá ń paná tó ń tanná, iná ni. Bí rédíò bá dúró gbọn-in tó jẹ́ USB nìkan ló lọ, RF ni.

OjúDúdúLinux dáhùn:

Àfikún kékeré. Ẹ lè fi Linux sórí flash, kí ẹ bọ́ọ̀tù kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀ láìfi nǹkan kan sínú disk. Ẹ ṣí terminal, ẹ kọ sudo dmesg -w, kí ẹ fi í sílẹ̀ lójú, kí ẹ wá fi rédíò ránṣẹ́ kí agbára jáde lójú eríàlì. Bí RF bá já okùn, “USB disconnect” á jáde lójúkan náà. Nígbà míì kernel (ọkàn Linux) fúnra rẹ̀ á kọ “disabled by hub”, á sì fi EMI (ìdíwọ́ láti ọwọ́ agbára rédíò tàbí iná) pẹ̀lú àmì ìbéèrè sí i. Kernel náà ti ń fura sí RF nìyẹn. Tó bá já ní Linux náà, kò sí ohun tí àtúnṣe Windows lè ṣe sí i.

Ẹni tó ń fi Linux ṣiṣẹ́ pátápátá: arecord -l á fi hàn bóyá ẹ̀rọ ohùn wà, pavucontrol á fi hàn bóyá app mìíràn ń lò ó. Bí COM bá kọ̀, sudo usermod -aG dialout,audio $USER, kí ẹ jáde kí ẹ tún wọlé kó tó ràn.

Mita40:

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èsì rèé.

Ọ̀pá inú Recording ń mira. Bọ́tìnnì ìkẹta, ti desktop apps, ló wà ní Off. Mo tàn án, àṣìṣe kìíní ti lọ. Orúkọ tó ṣíji tí mo rí nínú Device Manager jẹ́ méje, mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Dummy load: 100 W fún ìgbà márùn-ún, kò já. Eríàlì: 20 W, ó já nígbà kejì. Iná lẹ́yìn rédíò jẹ́ 13.6 V, ó sọ̀ sí 13.2 V.

Ìbéèrè kan ló tún yọjú: ọ̀pá ohùn WSJT-X pupa, ó wà ní 88 dB, àwọn ibùdó tó ń túmọ̀ sì kéré sí ohun tí mò ń rí lójú waterfall.

Àpótí_Ohùn dáhùn:

Ohùn ti pọ̀ jù, ó ń gé lórí. Ẹ yí rédíò sí ibi tí kò ti sí ibùdó, tó jẹ́ híhó afẹ́fẹ́ nìkan, kí ẹ wá dín ACC/USB AF Output Level kù títí ọ̀pá á fi dúró nítòsí 30 dB. Ẹ lè rí i pé 50% ti pọ̀ jù, kí ẹ parí sí 20% tàbí 25%. Bí rédíò bá ti dé ìsàlẹ̀ tí kò sì tó, ẹ dín Levels kù nínú mmsys.cpl. Bí ẹ bá padà sí 7.074 lálẹ́ tí ọ̀pá gòkè kọjá 30, ẹ má dààmú, ibùdó tó ń sọ̀rọ̀ ló gbé e sókè. Ẹ pa NB àti NR, àwọn bọ́tìnnì tó ń dín ariwo kù lórí rédíò.

Ẹ tún wo aago. Bí òǹkà DT (ìyàtọ̀ aago, ní ìṣẹ́jú-àáyá) àwọn ibùdó tí ẹ gbọ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo wọn sì wà lápá kan náà, aago yín ló ṣáko, kì í ṣe tiwọn. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ w32tm /resync.

Fún fífiránṣẹ́: DATA MOD nínú rédíò gbọ́dọ̀ jẹ́ USB, rédíò gbọ́dọ̀ wà ní USB-D (USB ti èyí ni upper sideband, kì í ṣe okùn). Ẹ fa Pwr apá ọ̀tún WSJT-X wálẹ̀ títí ALC (mítà tó ń fi hàn pé ohùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ti pọ̀ jù) kò fi ní mira mọ́. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbàgbé: bí Windows bá ti rí ẹ̀rọ ohùn tuntun, ó lè sọ ọ́ di default. Ẹ padà sí Playback, kí ẹ fi agbọ́hùn kọ̀ǹpútà ṣe Set Default Device, kí ẹ yan No Sounds lójú Sounds. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìró WhatsApp yín á gba eríàlì jáde. Lójú Communications, ẹ yan Do nothing, kí Windows má bàa máa rẹ ohùn yín sílẹ̀.

WáyàGígùn dáhùn:

Àyẹ̀wò dummy load ti dá ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká dí ọ̀nà náà.

End-fed nílò ibi tí agbára á gbà padà. Bí ẹ kò bá fún un ní counterpoise (wáyà kejì tí agbára á gbà padà), awọ coax ló máa fi ṣe é, awọ coax yẹn ló sì wọlé bá kọ̀ǹpútà yín. Ẹ so wáyà bíi mítà 2 mọ́ ilẹ̀ transformer 49:1, ìyẹn nǹkan bíi 0.05 ìgùn-ìgbì lórí mítà 40, kí ẹ jẹ́ kó nà gbọọrọ kúrò lọ́dọ̀ coax.

Lẹ́yìn náà, choke, ìyẹn okùn tí a wé mọ́ ferrite láti dí RF lọ́nà. Ẹ ra òrùka ferrite FT240-31. Ẹ mú nọ́ńbà 31 yẹn dání bí ẹ bá ń rà á, nítorí àwọ̀ òrùka jọra, ohun tó wà nínú wọn kò jọra, mix 31 ló sì bá 7 MHz mu. Ẹ wé RG-58 mọ́ ọn nígbà 11. Bíi mítà 1 coax ni yóò lò. Iye ìgbà tí coax gba inú ihò kọjá ni ẹ ń kà, kì í ṣe iye tí ẹ rí níta. Bó bá gba ihò kọjá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ni. Ẹ má fi RG-213 ṣe é, kò ní tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìfarapa. Ẹ fi kìíní sójú coax ní bíi mítà 2 sí transformer, kí ẹ fi èkejì síbi tí coax ti fẹ́ gba fèrèsé wọlé.

Okùn USB náà: kó má ju mítà 1.5 lọ, kó ní awọ wáyà nínú, kí ẹ wé e nígbà 6 mọ́ FT240-31 mìíràn, lápá kọ̀ǹpútà. Ferrite kékeré tí wọ́n ń há mọ́ okùn, tí okùn gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, kò lè ṣe púpọ̀ lórí 7 MHz. Ìdíwọ́ choke ń pọ̀ ní ìlọ́po ara iye ìgbà tí ẹ wé e: ẹ wé e lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti di nǹkan bíi ìlọ́po 25 ti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má bẹ̀rù pé ferrite á dí data lọ́wọ́. Data ń lọ lórí wáyà kan, ó ń padà lórí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ferrite kò rí i. RF tó ń gun gbogbo okùn náà lápá kan ṣoṣo ló ń dè lọ́nà.

Mita40:

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ohùn wà ní 31 dB, DT ti sún mọ́ 0. 60 W lórí mítà 40 fún ìṣẹ́jú 40, USB kò já. Lórí 14.074 pẹ̀lú 100 W, ó ṣì já lẹ́ẹ̀kan.

WáyàGígùn dáhùn:

Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára rẹ̀, ẹ lo bátìrì inú rẹ̀, kí ẹ tún 14.074 dán wò. Okùn ṣájà gùn, òun náà lè ṣe eríàlì. Bí kò bá já mọ́, ẹ wé okùn ṣájà nígbà 6 sí 8 mọ́ FT240-31 kan, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣì já, ẹ yọ okùn gbohùngbohùn àti èyíkéyìí mìíràn lára rédíò àti kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já USB lẹ́yìn tí ẹ dá a padà, òun ni kí ẹ fi ferrite sí.